Oyún abo ẹṣin tó ń bàjẹ́ ní kékeré, àti bí wọ́n ṣe ń mú un padà sọ́dọ̀ akọ

Oyún abo ẹṣin tó bàjẹ́ ní kékeré ni oyún tí dókítà ẹran ti fojú rí lórí skáàn, tó wá di àwátì kó tó pé 40 ọjọ́. Ọjọ́ 40 yẹn ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń pààlà, èyí tó bá bàjẹ́ ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ọlẹ̀ tó kú ní kékeré, tó bá ti kọjá ibẹ̀ wọ́n á ní oyún ló wálẹ̀. Abo ẹṣin máa ń gbé oyún tó nǹkan bí 340 ọjọ́, ìyẹn oṣù mọ́kànlá àti díẹ̀, ìgbà bíńtín ni 40 ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ nínú ẹ̀, síbẹ̀ inú ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Nínú 100 abo ẹṣin tí wọ́n bá rí oyún nínú wọn ní ọjọ́ 14 sí 16, nǹkan bí 5 sí 15 ni wọn ò ní bá oyún nínú ẹ̀ mọ́ tó bá fi máa di ọjọ́ 40, tí ẹṣin bá sì ti lé ní ọdún 18 iye yẹn lè tó 20 sí 30 nínú 100.

Ohun tó mú kó le ni pé kì í pariwo. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ò ní rí ẹ̀jẹ̀, kò ní rí nǹkan kan tó já bọ́ sórí koríko, ẹṣin á ṣì máa jẹun á ṣì máa sáré kiri pápá bíi pé kò sí nǹkan, ara ẹ̀ ló ti fa ọlẹ̀ náà mu. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi skáàn wo abo ẹṣin ní nǹkan bí ọdún 1980, púpọ̀ nínú irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn ń sọ pé kò gba oyún rárá, tó sì jẹ́ pé ó gbà á, kò dúró ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ

Ọlẹ̀ ẹṣin máa ń wọ ilé ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí ẹyin bọ́. Kì í jókòó síbì kan. Láti ìgbà yẹn títí di nǹkan bí ọjọ́ 16 ṣe ló ń yí kiri gbogbo inú ilé ọmọ, lọ síwájú lọ sẹ́yìn, lójoojúmọ́, torí ó gbọ́dọ̀ kan gbogbo ògiri ibẹ̀ kí ilé ọmọ lè mọ̀ pé àlejò ti dé. Tí kò bá rìn tó, ilé ọmọ á tú họ́mónù kan tó ń jẹ́ prostaglandin jáde, ìyẹn á pa ibi tó ń pèsè progesterone lójú ilé ẹyin, progesterone sì ni ó ń ti ilẹ̀kùn ilé ọmọ, tó bá ti lọ sílẹ̀ oyún ti parí nìyẹn, ẹṣin á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Ní ọjọ́ 16 ọlẹ̀ á dúró sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú ìwo méjì tí ilé ọmọ ní, ní nǹkan bí ọjọ́ 25 skáàn á rí i tí ọkàn ẹ̀ ń lù.

Nǹkan bí ọjọ́ 36 sí 38 ni ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ní ẹṣin ń ṣẹlẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á kúrò lára àpò ọlẹ̀, wọ́n á rì wọnú ògiri ilé ọmọ, wọ́n á sì di nǹkan bí ife kéékèèké tó tò yípo, endometrial cups ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Họ́mónù tí wọ́n ń tú jáde ló ń jẹ́ kí ilé ẹyin ṣe àfikún progesterone títí ibi ọmọ (placenta) á fi gba iṣẹ́ náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ife yìí bá ti hù, ìgbà tiẹ̀ ló máa lò. Kódà bí ọlẹ̀ bá kú lọ́la, ife ò ní kú tẹ̀ lé e, ó lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 100 tàbí kó lé ní 120, ara ẹṣin á sì máa ṣe bíi pé oyún ṣì wà.

Ìdí tó fi ń bàjẹ́

Ọjọ́ orí ló kọ́kọ́ wá. Gbogbo ẹyin tí abo ẹṣin máa lò láyé ẹ̀ ló ti bá a wáyé, ẹyin ẹṣin ọdún 20 sì ti pẹ́ tó ọdún 20. Ẹṣin ní krómósómù 64, tí ẹyin bá ti gbó ó rọrùn kí ìpín wọn má dọ́gba, ọlẹ̀ tó bá sì ní èyí tó dín tàbí èyí tó lé kì í sábà pẹ́. Irú èyí kò sí oògùn tó lè mú un dúró.

Ilé ọmọ fúnra ẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Gbogbo abo ẹṣin tí akọ bá gùn ni inú ilé ọmọ ẹ̀ máa ń wú díẹ̀, torí àtọ̀ àti ìdọ̀tí tó bá a wọlé, èyí tí ara ẹ̀ dá á tú gbogbo ẹ̀ dànù láàárín ọjọ́ méjì, àmọ́ àwọn kan wà tí ilé ọmọ wọn ti rọ̀, omi á dúró síbẹ̀, kòkòrò àrùn á sì rí ibi sùn, ọlẹ̀ tó bá wọlé ní ọjọ́ kẹfà á bá ilé tí kò ṣeé gbé. Àwọn míì, ojú ara wọn ló ti yẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ àti ìgbẹ́ ń ráyè wọlé. Ìránṣọ tí wọ́n fi ń pa apá òkè ibẹ̀ dé ni wọ́n ń pè ní Caslick, orúkọ dókítà tó kọ nípa ẹ̀ ní 1937 ni wọ́n fi sọ ọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ti gba oyún là ju ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ olówó ńlá lọ.

Ìbejì náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Lára Thoroughbred, irú ẹṣin tí wọ́n ń sin fún eré sísá, ẹyin méjì máa ń bọ́ pọ̀ dáadáa, ilé ọmọ ẹṣin ò sì lè bọ́ ọmọ méjì yó, ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń fọwọ́ fún ọ̀kan fọ́ kó tó di ọjọ́ 16, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń rìn tó sì ṣeé yà sọ́tọ̀. Fún ọmọ Yorùbá tó ń kí ìyá ìbejì kú oríire, èyí lè ṣòroó gbọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi méjèèjì sílẹ̀, méjèèjì lè lọ.

Wọ́n tún máa ń mẹ́nu ba ẹṣin tí wọ́n yára mú lọ sọ́dọ̀ akọ ní ọjọ́ 7 sí 10 lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí ilé ọmọ ò tíì gbẹ tán, àti àìsàn líle bí inú rírun, torí májèlé kòkòrò tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ á tú prostaglandin jáde.

Kentucky, 2001

Nǹkan tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa oyún ẹṣin ṣẹlẹ̀ ní àyíká Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky, Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí òpin oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2001, àsìkò ìdíje eré ẹṣin Kentucky Derby gan-an, àwọn dókítà tó ń yẹ abo ẹṣin wò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọlẹ̀ tó ti kú nínú omi tó ti dàrú, láti fáàmù kan sí òmíràn, àwọn tí oyún wọn sì ti pé ń bí òkú ọmọ. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí májèlé inú ewé igi ṣẹ́rì dúdú. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé kòkòrò onírun tó ń jẹ ewé igi náà ni, ọdún yẹn ló pọ̀ bí eéṣú, tó ń rá lórí ọgbà, lórí koríko, nínú ọpọ́n omi. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n fún abo ẹṣin ní kòkòrò náà jẹ, fi hàn pé òun gan-an ni, àlàyé tí wọ́n sì gbà jù ni pé irun ara ẹ̀ ń gún ìfun, kòkòrò àrùn á wá gba ojú ihò náà wọ ẹ̀jẹ̀ dé ilé ọmọ. Àdánù 2001 àti 2002 lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là. Púpọ̀ nínú oyún tó bàjẹ́ nígbà yẹn ti kọjá ọjọ́ 40, ife ti hù, ẹni tó ní ẹṣin ò lè kàn mú un padà sọ́dọ̀ akọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ fáàmù gé igi ṣẹ́rì tó wà létí ọgbà wọn dànù lẹ́yìn náà.

Mímú un padà sọ́dọ̀ akọ

Ọjọ́ tí oyún bàjẹ́ ló máa sọ ohun tó kù láti ṣe. Tí kò bá tíì pé ọjọ́ 35, abẹ́rẹ́ prostaglandin kan á mú un wá akọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ilé ọmọ ẹ̀ bá mọ́ kò sí ìdí tí kò fi ní gba oyún bíi ti ẹlòmíràn. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹṣin lè máa wá akọ bàìbàì láìsí ẹyin, tàbí kó má wá a rárá, títí ife á fi gbẹ.

Ìyẹn ló fi jẹ́ ìṣòro ńlá fún àwọn tó ń sin Thoroughbred. Ní ìhà àríwá ayé, January 1 ni wọ́n ń ka ọjọ́ ìbí gbogbo wọn sí, ẹṣin tí wọ́n bí ní oṣù kẹfà á sì bá ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n bí ní oṣù kejì sáré bí ọmọdé tó ń bá àgbà jà. Láti oṣù kejì sí bí oṣù keje ni wọ́n ń mú abo lọ sọ́dọ̀ akọ, àwọn tó sì fẹ́ kí tiwọn tètè bẹ̀rẹ̀ á máa tan iná sí i lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lè pé wákàtí 16, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ fún ara ẹ̀ pé òtútù ti lọ. Oyún tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ 45 ní oṣù karùn-ún ti jẹ gbogbo ọdún yẹn.

Kí wọ́n tó mú un padà, dókítà á yọ omi inú ilé ọmọ lọ wò ní láàbù bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, á fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, á sì fún un ní oxytocin kí ilé ọmọ fún gbogbo ẹ̀ dànù. Tó bá ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á gé ẹran bíńtín nínú ilé ọmọ wò, wọ́n á fi sí ìpele tí dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Kenney gbé kalẹ̀ ní 1978: èyí tó wà ní ìpele I ní àǹfààní tó ju 80 nínú 100 lọ láti bímọ láàyè, èyí tó wà ní ìpele III ò tó 10.

Altrenogest, oògùn àtọwọ́dá tó ń ṣiṣẹ́ bíi progesterone tí wọ́n ń fún un mu lójoojúmọ́, ni àwọn tó ní ẹṣin fẹ́ràn jù, torí ó ń fọkàn ẹni balẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí pé àìtó progesterone ló ń fà á lára ọ̀pọ̀ ẹṣin ò lágbára, àyàfi nígbà àìsàn. Ó tún ní ẹ̀tàn, ẹṣin tó ń lò ó kì í wá akọ bí oyún ẹ̀ tiẹ̀ ti kú, skáàn nìkan ló máa mọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wò ó ní ọjọ́ 14 sí 16, tí wọ́n á tún wò ó ní bí ọjọ́ 28, kó má baà di pé ife hù sórí oyún tó ti kú.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ Thoroughbred ò gba ju kí akọ gun abo lójúkojú. Irú ẹṣin míì gba kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbin àtọ̀, àwọn tó ń sin ẹṣin polo ní Argentina sì ti sọ gbígbé ọlẹ̀ sínú ẹṣin míì di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìyẹn wúlò tó bá jẹ́ ilé ọmọ ni kò dára. Tó bá jẹ́ ẹyin ló ti gbó, ẹyin yẹn náà ni wọ́n máa gbé sínú ilé ọmọ ẹlòmíràn.