Ìgò tó ní wákàtí mẹ́fà péré: bí àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àdúgbò

Ìyá ìkókó kan gbéra láti Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ó dé ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ọmọ yín nìkan ló wà nílẹ̀ fún ti èéyi." Ìyá ọmọ pòṣé. Owó ọ̀kadà ti lọ, bẹ́ẹ̀ fìríìjì tí àjẹsára wà nínú rẹ̀ nìyí níwájú òun. Ó jọ ọ̀lẹ, àmọ́ inú ìgò ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni àjẹsára èéyi máa ń jẹ́ tó bá dé. Bákan náà ni ti ibà pọ́njú, àti BCG tí wọ́n ń gún nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní omi tirẹ̀ tí wọ́n fi ń pò ó. Gbàrà tí omi bá ti kàn án, wákàtí mẹ́fà ló kù fún un, ì báà jẹ́ inú òtútù ló wà, torí kò sí ohun tí yóò dènà kòkòrò nínú rẹ̀. Ìgò èéyi kan máa ń tó ọmọ mẹ́wàá, ti BCG tó ogún. Tí wọ́n bá ṣí ti èéyi fún ọmọ kan ṣoṣo, ìpín ọmọ mẹ́sàn-án di ìdànù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ lè pé jọ. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí wọ́n dá ọmọ padà torí ìdànù, ọ̀rọ̀ wọn sì mọ́gbọ́n dání: ìyá tó ti oko Ìdànrè wá lè má rí owó ọkọ̀ padà wá. A lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán nọ́ọ̀sì létí.

Àjẹsára tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńtà kò rí bẹ́ẹ̀. Olómi ni, bí wọ́n bá sì ṣí i, ó lè lò tó ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n bí òtútù àti ìmọ́tótó bá pé. Abẹ́rẹ́ kan náà ló ń gbógun ti àrùn márùn-ún: dìfitéríà tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, ipá, ikọ́ àhúbì, àrùn mẹ́dọ̀wú, àti kòkòrò Hib tó ń fa òtútù àyà àti yínrùnyínrùn.

Òtútù tí à ń wí yìí, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó bá ṣe tutù tó ni yóò ṣe dára tó. Irọ́ ni. Bí Pẹ́ńtà bá di yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó yọ́, tí wọ́n sì mì ín, ó máa ń ṣe bí ògì: ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á tètè sùn sísàlẹ̀, omi á lé sókè bí omídùn. Ooru náà ní àmì tirẹ̀. Àwòrán roboto kan wà lára ìgò, igun mẹ́rin tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ sì wà láàárín rẹ̀. Bí ooru ṣe ń bá ìgò náà ni igun mẹ́rin yìí ń ṣú. Níjọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ bá bá ti roboto dọ́gba, ìgò náà kò wúlò mọ́. Nílùú tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, àmì kékeré yìí ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba rìbá.

Ìṣirò ọjọ́ kò le. Lọ́jọ́ ìbí, BCG, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ àti ti mẹ́dọ̀wú. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni ti Pẹ́ńtà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan ẹ̀kán tó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru. Oṣù 9 ni èéyi, ibà pọ́njú àti yínrùnyínrùn. Oṣù 15 ni èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ọjọ́ bá ti lọ lórí ọmọ, wọn kì í tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi tó dúró sí ni wọ́n ti ń bá a lọ. Aláboyún náà ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà ipá. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń gún ọmọbìnrin tó jẹ́ ọdún 9 sí 14 lábẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ibà Lassa tó ń da Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ láàmú kò tíì ní àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara ọmọ lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ojú BCG náà á wú, á di egbò kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì fi àpá sílẹ̀. Ẹ má fi róòbù ra á, ẹ má fi òrí ra á. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní ti arìnrìn-àjò, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló gbajúmọ̀ jù. Irú abẹ́rẹ́ tí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án gbà náà ni, ìwé rẹ̀ ló yàtọ̀: káàdì àwọ̀ ìyeyè tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹnubodè fọwọ́ sí, tí wọ́n lè yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà. Láti oṣù Keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan tó títí ayé. Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ní láti gba ti yínrùnyínrùn pẹ̀lú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó débẹ̀. Aláboyún àti ẹni tí ẹyin adìyẹ kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ wí fún dókítà kí wọ́n tó gba ti ibà pọ́njú.

Káàdì tí wọ́n ń tà láìgún abẹ́rẹ́ kò ní àjẹsára nínú, ẹ̀fọn kò sì mọ ìwé kà. Ojúlówó káàdì gan-an kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lọ́jọ́bọ̀ tó fẹ́ wọ bàálù lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n lè dá a padà ní pápákọ̀ òfuurufú, tòun ti káàdì lọ́wọ́.