Datatype MPI: Ara Ẹrù Dídì Ló Ti Ṣẹ̀

MPI ni ìlànà tí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ síra wọn; datatype ni àpèjúwe bí ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ṣe rí. Àwọn kan máa ń sọ pé inú XDR, tí iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun kọ ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1987, ni ọgbọ́n kí èèyàn fúnra rẹ̀ ṣe datatype nínú MPI ti wá. Èmi ò gbà. Iṣẹ́ XDR ni kí nọ́ńbà kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan dé orí òmíràn láì yí padà, ó tán. Ibùdó ìwádìí Oak Ridge ní Tennessee, Amẹ́ríkà, ni kí ẹ bá mi kọjú sí.

Níbẹ̀ ni Vaidy Sunderam àti Al Geist ti bẹ̀rẹ̀ PVM, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, lọ́dún 1989. Nínú ẹ̀dà kẹta, tí ọ̀pọ̀ mọ̀, pvm_initsend ló ń la àpò, pvm_pkint a di int (odidi nọ́ńbà) sí i, pvm_pkdouble a di double (nọ́ńbà tó ní dẹ́símà), kí pvm_send tó gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe dì í tẹ̀léra náà ni ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ tú u.

Báyìí ni mo ṣe rò ó. Ẹnì kan ní mátíríìsì 100 lọ́nà 100 nínú èdè kọ̀ǹpútà C, ó fẹ́ fi òpó (column) kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ìlà ni C ń tò tẹ̀léra nínú mẹ́mọ́rì, nọ́ńbà inú òpó sì fọ́n ká. Ó fi lúùpù ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò, títí ó fi sú u. Ó ní: kí ló dé tí mi ò kàn sọ fún ẹ̀rọ yìí pé, mú ọ̀kan, fo 99, mú ọ̀kan? Mi ò sí níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n MPI_Type_vector tòní, ọ̀rọ̀ ẹni yìí gan-an ni: 100, 1, 100, MPI_DOUBLE, ìyẹn ni pé ìgbà 100, ọ̀kan nígbà kọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ 100 láti ọ̀kan dé èkejì, double sì ni gbogbo wọn.

Oṣù kẹrin 1992 ni àwọn tó fẹ́ ìlànà kan ṣoṣo fún irú ìránṣẹ́ yìí pàdé ní Williamsburg, Virginia. Oṣù karùn-ún 1994 ni ìlànà MPI àkọ́kọ́ jáde. Nínú rẹ̀, ẹ ò di ẹrù mọ́, ẹ kàn ń júwe rẹ̀: irú nǹkan wo ni, báìtì mélòó ló fi jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Bí struct yín (àkópọ̀ oríṣiríṣi nǹkan lábẹ́ orúkọ kan nínú C) bá ní int kan, tí double tẹ̀ lé e, báìtì 4 ni int ń gbà, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, orí 8 ni double ń jókòó sí, àlàfo á wà láàárín. Mo fi 4 síbẹ̀ rí; ohun tó dé ọ̀hún kò jọ nọ́ńbà èèyàn. Láti ìgbà náà, offsetof, irinṣẹ́ C tó ń sọ ibi tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ nínú struct, ni mò ń bi.

Lẹ́yìn náà ni MPI_Type_commit, àṣẹ tó ń sọ datatype tí ẹ ti júwe di èyí tó ṣeé lò. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún un: à ń dì í bí ẹrù, ẹ̀kọ náà sì ń dì nínú ewé. Kí ẹ tó fi datatype ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti dì.

Ní 1997, MPI_Type_create_struct gba ipò MPI_Type_struct, àṣẹ tí wọ́n fi ń júwe struct, wọ́n sì yọ èyí àtijọ́ kúrò pátápátá ní 2012. MPI_Pack, àṣẹ tó ń di ẹrù sínú àpò bíi ti PVM, ṣì wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ìlànà náà sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nítorí àwọn láíbúrárì ìṣáájú ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Kí àwọn oní-XDR wá fèsì sí ìyẹn.