Kì í ṣe ohun ńlá nìkan ni ọmọ ń rántí: ìgbàgbọ́ òdì kan nípa àṣà ìdílé

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà gbọ́ pé kí ọmọ tó lè ní ìrántí rere nípa ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àfi kí òbí ṣe ohun tó tóbi: ìrìn-àjò sí ibi tó jìnnà, ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tí gbogbo ènìyàn yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí ẹ̀bùn tó gbówó lórí. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí òbí tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ máa rò pé òun ti já ọmọ òun kulẹ̀; òun náà ló ń mú kí ẹni tó lówó máa sún àkókò ìdílé síwájú títí di ìgbà ìsinmi kan ṣoṣo lọ́dún. Mo kà á sí ìgbàgbọ́ òdì tó ń ṣe ìpalára, nítorí pé ohun tí a mọ̀ nípa bí ìrántí ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tì í lẹ́yìn.

Kì í ṣe pé kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Ohun tó ṣàjèjì máa ń wọ ọmọ lọ́kàn gan-an, ọmọ tó sì kọ́kọ́ fojú kan òkun lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun àjèjì ló ń náni lówó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wọni lọ́kàn lónìí kò fi dandan jẹ́ ohun tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 3 tàbí 4, bó ti wù kí ohun náà tóbi tó, ìgbàgbé yìí sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ṣì wà lọ́mọdé. Ní ọdún 2014, Patricia Bauer àti Marina Larkina ti Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti gba ohùn àwọn ọmọ ọdún 3 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wọn, tí wọ́n sì padà béèrè nípa àwọn ohun kan náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àwọn tí wọ́n bi léèrè nígbà tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 7 rántí ohun tó lé ní ìdá 60 nínú 100 àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 35 péré ni àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 8 tàbí 9 lè rántí. Ohun tó yẹ kí òbí fi ọkàn sí jù ni pé ọ̀nà tí ìyá gbà ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ipa tó ń kó: ọmọ tí ìyá rẹ̀ fún láàyè láti sọ ìtàn náà bó ṣe yé e, tí ìyá kàn ń sọ fún un pé “máa bá a lọ, kí ló tún ṣẹlẹ̀?”, ni ìròyìn rẹ̀ máa ń kún jù nígbà tó bá dàgbà sí i.

Ẹ̀rí mìíràn wà láti ilẹ̀ New Zealand. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2000, àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ ará Māori, ìyẹn àwọn onílẹ̀ àtilẹ̀wá ibẹ̀, sọ nípa ìrántí àkọ́kọ́ wọn, ọjọ́ orí tí wọ́n dárúkọ, bí a bá pín in dọ́gba, sì jẹ́ nǹkan bí oṣù 33, èyí tó kéré sí ti àwọn yòókù tí wọ́n bi léèrè. Àwọn olùwádìí náà so ó mọ́ bí àwọn Māori ṣe ka ìtàn àtẹ̀yìnwá sí ohun iyebíye. Ìtàn tí wọ́n ń sọ létí ọmọ léraléra ló ń gbé ìrántí ró.

Ibí yìí ni àṣà ìdílé ti wúlò. Òótọ́ ni pé ohun tí à ń ṣe léraléra máa ń dà pọ̀ mọ́ra lọ́kàn ẹni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kàwé fún ní alaalẹ́ fún ọdún 6 ti jókòó gbọ́ ọ ní ìgbà tó lé ní 2,000, síbẹ̀ kò ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ kan pàtó, àfi bóyá alẹ́ tí bàbá sùn lọ kí ìtàn tó parí. Àmọ́ kò sọ ohun kankan nù. Èdè wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí: ẹni tó bá sọ pé “a lọ” ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé “a máa ń lọ” ń sọ irú ilé tí òun ti jáde wá. “A máa ń” yìí ni òbí ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì le gan-an kí owó tó lè rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí à ń tún ṣe nílé ló di àṣà. Fífọ eyín ṣáájú oorun jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́. Ó ń parí nígbà tí eyín bá mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé orin kan náà ni ìyá àti ọmọ jọ ń kọ sí i, tí ọmọ sì máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá fo ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀, ohun mìíràn ti wọ̀ ọ́, nítorí pé orin náà ti di ti wọn. Rírìn gba ọ̀nà kan náà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí à ń yà lẹ́nu ọ̀nà kan náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ọjọ́ ìbí tí à ń kó sínú àpótí kan. Ẹ fún ọmọ ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ìbáà ṣe láti pa iná tàbí láti mú ọ̀nà tí a ó gbà, nítorí ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe máa ń dúró tì í ju ohun tó kàn wò lọ.

Bí nǹkan bá wá le ńkọ́? Steven Wolin àti Linda Bennett pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí, tí ó jáde ní ọdún 1980, lórí àwọn ìdílé tí òbí kan ti di ẹrú ọtí. Níbi tí ọtí kò ti da àṣà ìdílé rú, ìṣòro náà kì í sábà ran àwọn ọmọ bíi ti àwọn ilé tí àṣà wọn ti dàrú. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn òbí tó ń rò pé ó di ìgbà tí ara bá tù wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà yóò dàgbà, àṣà kan yóò sì há mọ́ ọn lára bí aṣọ tó ti kéré. Ọmọ ọdún 13 lè kọ orin alẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kò sì yẹ kí a fi ipá mú un. Ohun tó dára ni pé kí a bi í léèrè èwo nínú àwọn ohun tí à ń ṣe nílé ni kò fẹ́ kó parẹ́. Ó lè dárúkọ ohun tí òbí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àṣà ni.