Ta ló ń san dúútì mọ́tò, ibo sì ni ilé-iṣẹ́ ń sá gbà?

Lóṣù kẹrin ọdún 2025, oníbàárà mi kan tó máa ń kó tòkúnbọ̀ wọlé láti Amẹ́ríkà pè mí ní kùtùkùtù. Ó ti gbọ́ pé Ààrẹ Trump ti bu owó ibodè 25% lé mọ́tò tó bá ti òkè òkun wọ ilẹ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Jàpáànù ló máa wá san án ni?" Mo ní rárá o. Iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ní ebúté ni mo ń ṣe l'Ápápá, n kò sì tíì rí orílẹ̀-èdè tó wá san dúútì ẹrù tí ẹlòmíì rà. Ẹni tó kó ẹrù wọlé, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ló ń san án. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá ẹni tí yóò dì í lé lórí: bóyá ẹni tó tà á fún un ni yóò ní kó gbé owó wálẹ̀, bóyá èrè tirẹ̀ ni yóò jìn sí i, bóyá ẹni tó máa ra mọ́tò náà ni yóò rù ú.

Ti òṣèlú ibẹ̀ ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Olóṣèlú á ní bí dúútì bá ti ga, ilé-iṣẹ́ tó kó lọ sókè òkun á kó ẹ̀rọ rẹ̀ padà wálé, ọmọ onílé á ríṣẹ́ ṣe. Dúútì lè dí ọ̀nà kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í yan ọ̀nà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ máa gbà.

Ẹ bá mi wo ebúté Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Yúróòpù bu owó lé adìyẹ tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Láti gbẹ̀san, Johnson tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà gbé 25% ka orí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lọ́dún 1964. Ìjà adìyẹ tán, dúútì akẹ́rù ò kúrò. Ọkọ̀ akérò ní tirẹ̀, 2.5% péré ló ń san kí 25% ti ọdún 2025 tó dé. Ford wá ń ti ilẹ̀ Tọ́kì kó ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Transit Connect wá. Wọ́n to àga sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi gíláàsì sí fèrèsé, ó wọlé bí akérò. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù báyìí, wọ́n tú àga ẹ̀yìn, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n fi irin dí ojú ibẹ̀, ó di akẹ́rù. Àga tí ẹnikẹ́ni ò fìdí kàn rí, wọ́n sọ ọ́ di pàǹtí. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: lórí ọkọ̀ tó jẹ́ dọ́là 20,000, dúútì akérò jẹ́ dọ́là 500, ti akẹ́rù jẹ́ 5,000. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, Ford borí ní 2017, ó pàdánù lórí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2019, ní 2024 ó gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 365. Ní gbogbo ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà nílẹ̀, Amẹ́ríkà kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà.

Ford yìí kan náà fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí San Luis Potosí ní Mẹ́síkò, iṣẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 1.6. Lẹ́yìn tí Trump ti bá wọn fà á títí, wọ́n pa á tì lóṣù kìíní 2017, Trump sì dúpẹ́ ní gbangba. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Ford ní Ṣáínà lòun á ti máa ṣe Focus, mọ́tò kékeré tí òun fẹ́ ṣe ní Mẹ́síkò tẹ́lẹ̀, wá sí Amẹ́ríkà. Dúútì 25% tún dé bá ti Ṣáínà ní 2018, Ford ní òun ò kó o wá mọ́. Trump ní kí wọ́n yáa ṣe é nílé. Ford fèsì pé òun ò retí pé òun á tà tó 50,000 lọ́dún, kò sì ní mówó wọlé tí òun bá ṣe é ní Amẹ́ríkà. Bí Focus ṣe kúrò lọ́jà tuntun níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní Honda tó wá kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Amẹ́ríkà ńkọ́? Òótọ́ ni pé Jàpáànù gbà lọ́dún 1981 láti má kó ju mọ́tò 1,680,000 lọ sí Amẹ́ríkà, tí Accord àkọ́kọ́ sì jáde ní Marysville, Ohio, lóṣù kọkànlá 1982. Ṣùgbọ́n Honda ti kéde ilé-iṣẹ́ náà láti 1980, kí àdéhùn tó dé. Ó ti ń ṣe alùpùpù níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ń ra Accord gan-an. Oníbàárà tó pọ̀ ló fà á lọ, àdéhùn yẹn kàn fi kún un ni.

Ohun tó dùn mí lórí tiwa nìyẹn. Lọ́dún 2013, ìjọba wa gbé dúútì 35% pẹ̀lú owó àfikún 35% lé mọ́tò tuntun, kí àwọn èèyàn lè máa tò ó pọ̀ níbí. Owó wo ló wà lọ́wọ́ aráàlú láti ra tuntun? Kútọnu ni mọ́tò ń sọ̀ sí, Sẹ̀mẹ̀ àti ọ̀nà inú igbó ló ń gbà wọlé. Òfin ìnáwó 2020 wá já owó àfikún náà wálẹ̀ sí 5%. Ẹni tó ti kó owó lé ilé ìtòmọ́tò nítorí 70% yẹn ńkọ́? Kò yẹ kí ìjọba ṣe ọmọ ẹlòmíì bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà mi ní báwo ló ṣe wá kan òun tó ń ra tòkúnbọ̀. Mo ní tí mọ́tò tuntun bá wọ́n ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tòkúnbọ̀ á dín kù, owó rẹ̀ á gòkè. Ìdá nínú iye tí mọ́tò jẹ́ ni dúútì tiwa náà, òun náà á bá a gòkè. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó ní mẹ́ta lòun fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, òun á mú méjì.