Iná Gbé E: Kí Ló Dé Tí Iná Kan Ń Pa Èèyàn, Tí Òmíràn Ń Gbà Á Là?

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Lọ́kọ́jà. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, kò sì wọ́pọ̀ kí n wọ ilé kan kí wọ́n má bi mí ní nǹkan nípa bí iná ṣe ń gbé èèyàn. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ni mo kó jọ síbí. Ẹ ó rí i pé mo pẹ́ lórí àwọn kan. Àwọn yẹn ni wọ́n ń sọ ilé di ilé ọ̀fọ̀.

Ìbéèrè: Nígbà ọyẹ́, bí mo bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò, iná á ta mí pà! Tíṣà ọmọ mi ní iná yẹn lè ju 3,000 fólítì lọ. Iná ilé kò ju 230 lọ, òun ló sì ń pa èèyàn. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Tíṣà náà kò parọ́. Fólítì ń sọ bí iná ṣe ń fi agbára tì, kò sọ bí èyí tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo táńkì omi tí wọ́n gbé sókè réré: omi rẹ̀ á fi agbára tú jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀kán kan péré ló kù nínú rẹ̀, kí ni yóò fi ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣe? Iná ọyẹ́ nìyẹn. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Iná ilé ní tirẹ̀ kì í tán. Bí ẹ bá ti dì í mú, yóò máa ṣàn lọ ni, àfi bí ẹnì kan bá pa á.

Iye tó gba inú ara kọjá ló ń pa èèyàn. Ámpíà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó lè pa wá kéré débi pé a ní láti pín ámpíà kan sọ́nà 1,000, kí a máa ka mílíámpíà. Ní 1 mílíámpíà, èèyàn á kàn mọ̀ ọ́n lára. Láti bíi 10 sókè, ọwọ́ lè má lè ju wáyà sílẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí 30, èémí lè há. Láti 50 sí 100, ọkàn lè ṣíwọ́ lílù, kó wá máa gbọ̀n lásán. Gílóòbù 60 wáàtì, irú ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, ń lo nǹkan bí 260. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń tan gílóòbù kan, ó tó láti pa géńdé.

Ìbéèrè: Bàbá fọwọ́ kan wáyà, ó kàn fò sẹ́yìn ni. Ọmọ fọwọ́ kan irú wáyà kan náà, ó kú. Àbí bàbá náà lo nǹkan ni?

Ìdáhùn: Bóyá ó lò ó, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé awọ ara tó gbẹ táútáú máa ń dènà iná, ó lè dènà á débi tí nǹkan bí 2 mílíámpíà péré yóò fi kọjá láti ara iná ilé. Bí ara bá tutù, tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì tó rin, iye yẹn lè di 230 mílíámpíà. Ọ̀nà tó gbà kọjá tún ṣe pàtàkì. Èyí tó gba ọwọ́ òsì wọlé tó gba ẹsẹ̀ jáde ti kọjá láyà, níbi tí ọkàn wà. Èyí tó gba ìka kan wọlé tó gba ìka kejì jáde lè má dé ibẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé iná máa ń fa èèyàn mọ́ra?

Ìdáhùn: Kì í fa èèyàn. Iná ló ń pàṣẹ fún iṣan wa kó sún kì, iṣan tó ń pa ọwọ́ dé sì lágbára ju èyí tó ń ṣí i lọ. Nítorí náà ni ọwọ́ fi ń di wáyà mú gírígírí, tí ẹni náà á sì máa wò ó pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Bọ́ílà tí a fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Irin róbótó yẹn ní wáyà tín-ín-rín nínú, ìyẹ̀fun funfun kan ló sì pín wáyà náà níyà sí irin. Bó bá pẹ́, irin á dípẹtà, á lu, omi á wọlé, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì di wáyà fúnra rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà kò ní fi nǹkan kan hàn yín. Ẹnì kan á wá dìde láàárọ̀, ẹsẹ̀ lásán, á ti ìka bọ omi kó lè mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń tà á kò sì ní éètì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ẹ tó tọ́ omi wò. Ní tèmi, ìkòkò orí sítóòfù kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní irú èyí.

Ìbéèrè: Ẹyẹ ń bà lé wáyà, kò sì kú.

Ìdáhùn: Wáyà kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ wà, iná kò sì rí ọ̀nà gba ara rẹ̀ jáde síbòmíràn. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá kan wáyà kejì, ó parí.

Ìbéèrè: Òjò já wáyà háítẹ́ńṣọ̀n sójú ọ̀nà oko. Mi ò fọwọ́ kàn án, ṣé mo lè rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á kọjá! 11,000 fólítì tàbí 33,000 ni wọ́n ń gbà lórí òpó yẹn. Ilẹ̀ tó yí wáyà ká pàápàá ti ní iná nínú, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ níbi ẹsẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti ibi ẹsẹ̀ kejì. Bí ẹ bá la ẹsẹ̀ gbòòrò, iná á gba ẹsẹ̀ kan gòkè, á gba èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí àrá kan fi lè pa ọ̀pọ̀ màlúù lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ igi: ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn wọn jìnnà síra. Ẹ jìnnà sí i tó mítà mẹ́wàá, ó kéré tán. Bí ẹ bá ti sún mọ́ ọn kí ẹ tó rí i, ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí ẹ máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Iná gbé aládùúgbò mi. Ṣé ká fún un ní mílíìkì, àbí ká da iyẹ̀pẹ̀ bò ó?

Ìdáhùn: Méjèèjì kò wúlò. Ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, torí òkú lè di méjì. Ẹ pa iná náà. Bí kò bá ṣeé pa, tó sì jẹ́ iná ilé, ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ kalẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, nígbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí kó wá mọ́tò. Bó bá dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù síbẹ̀. Iná lè jó ẹran inú kí ojú awọ má fi hàn, ọkàn sì lè ṣe ségesège lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè: Ṣé irú iná bẹ́ẹ̀ wúlò fún nǹkan kan?

Ìdáhùn: Ó pẹ́ tó ti wúlò. Àwọn apẹja odò Ọya ní Lọ́kọ́jà mọ ẹja òjijì, tí iná ara rẹ̀ lè dé nǹkan bí 350 fólítì. Ẹja òkun kan tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ni Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, ń lò fún orí fífọ́ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn.

Ti ọkàn ló jọ mí lójú jù. Ní 1947, ọmọkùnrin ọdún 14 kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní Cleveland, Amẹ́ríkà, nígbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà Claude Beck gbé irin oníná lé ọkàn náà gan-an, ó sì padà sí lílù. Ní 1956, Dókítà Paul Zoll fi hàn pé a lè ṣe é láti ìta àyà. Ohun tí fíìmù ń fi hàn wá, pé wọ́n ń fi iná jí ọkàn tó ti dúró pátápátá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn tó ń gbọ̀n ni iná náà ń pa lẹ́nu mọ́, kó lè tún bẹ̀rẹ̀ létòlétò.

Wọ́n tún ń lò ó fún ọpọlọ. Dókítà méjì, Cerletti àti Bini, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Róòmù ní 1938. Lónìí, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kun aláìsàn lóorun, iná náà kì í sì ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Ẹni tí ìbànújẹ́ ọkàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Kì í ṣe ìyà.

Ìbéèrè: Mo máa ń fi wáyà onípúlọ́ọ̀gì méjì gbé iná jẹnẹrétọ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mi. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ó burú jáì. Bí ẹ bá gbàgbé láti gé ti NEPA, iná jẹnẹrétọ̀ á gba wáyà ìta dé ara tiransifọ́mà, tiransifọ́mà á sì sọ 230 di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì lórí òpó, níbi tí ẹnì kan ti gùn ún torí ó mọ̀ pé kò sí iná. Orí púlọ́ọ̀gì kejì tó wà lọ́wọ́ yín pàápàá ti ní iná kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣéńjọ́fà ni ẹ rà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà ní ti jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà ti NEPA ti dí.