Kọ̀ǹpútà tó ń kú tí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀: ẹ má tíì ra káàdì tuntun

Àwọn tó ń to fídíò ìgbéyàwó, àwọn tó ń ṣe báńà àti káàdì ìpè ní Àjàṣẹ́ níbí, títí dórí àwọn ọmọ géèmù, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá: "Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà mi ò ṣe nǹkan kan o, mo lè fi tẹ̀wé látàárọ̀ dalẹ́, àmọ́ tí n bá ti ṣí Premiere tí mo fi ń to fídíò báyìí, pàá, ó ti kú." Kí n tó fọwọ́ kàn án wọ́n á ti ní káàdì gíráfíìkì, èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ló bàjẹ́, wọ́n sì ti ń náwó òmíràn ní Kùtọ̀nù. Ẹ ní sùúrù ná. Nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, iná àti ooru ló ń fa púpọ̀ ẹ̀.

Báwo ló ṣe ń kú? Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè. Tó bá pa bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, àbí tó pa tó tún tan ara ẹ̀, ẹ fura sí iná àti ooru. Tí ojú ẹ̀ bá dúdú àmọ́ tí fáánù ṣì ń yí, tàbí tó gbé ojú búlúù jáde tí ẹ rí nvlddmkm.sys níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ dráífà NVIDIA, prógíráàmù tó ń jẹ́ kí Windows àti káàdì gbọ́ra wọn, kúrò pátá kẹ́ ẹ tún un fi sí i, torí ìṣẹ́jú-àáyá 2 péré ni Windows ń fún káàdì láti dáhùn. Tó bá jẹ́ prógíráàmù yẹn nìkan ló pa dé, ẹ wo RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan á lọ rí Kernel-Power 41 nínú Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n á ní àwọn ti rí àrùn. Rárá o, gbogbo ohun tíyẹn ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà pa láìjẹ́ pé ẹ pa á, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iná. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ọwọ́ wa, venu ni, wọ́n ti lò ó ní ọ́fíìsì ní Yúróòpù kó tó gba èbúté Kùtọ̀nù wọlé, alimentation inú ẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, lè má ju wátì 240 lọ. Ẹ wá ki RTX 3060 sí i, káàdì tóun nìkan ń jẹ wátì 170, tí NVIDIA fúnra wọn ní ká fi alimentation wátì 550 gbé. Ihò PCIe tí a ki káàdì sí ò lè fún un ju wátì 75 lọ, wáyà ló gbọ́dọ̀ gbé ìyókù wá, àwọn kan á sì lọ fi àdápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú so ó mọ́ wáyà dísìkì. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀wé, káàdì ò bèèrè nǹkan kan, géèmù ló ń jẹ́ kó bèèrè gbogbo ẹ̀tọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé. MSI Afterburner, prógíráàmù tí wọ́n fi ń darí káàdì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fa Power Limit, ìwọ̀n iná tí káàdì lè jẹ, wá sí 70 nínú 100, kẹ́ ẹ wá ṣí iṣẹ́ tó ń pa á yẹn. Tó bá falẹ̀ díẹ̀ àmọ́ tí kò kú mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé iná tàbí ooru ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gbowó fọ́máàtì lọ́wọ́ yín. Ẹ wá dá a padà sí 100, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ kọjú fáánù ilé sí i, kẹ́ ẹ máa wo ooru káàdì nínú Afterburner yẹn náà. Tí kò bá kú, ooru ni. Tó bá ṣì kú, tí ooru ò sì dé dígírì 80, ọ̀rọ̀ ti kan alimentation nìyẹn.

Ti ooru rọrùn. Lásìkò ọyẹ́, àpótí tó bá ti Kétu wá, eruku pupa ti di aṣọ lára irin tó ń gba ooru kúrò lára káàdì. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ gbé e síta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti atẹ́gùn lé e, àmọ́ ẹ fi ìka di fáánù mú kó má yí. Atẹ́gùn àwọn tó ń fa táyà yẹn kọ́, omi wà nínú ẹ̀. Tó bá ti pẹ́, ẹ pààrọ̀ páàtì tó ń gbé ooru lábẹ́ irin náà.

Tó bá sì jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń kú, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, ẹ fi mítà wọn ojú iná. Tó bá ti wálẹ̀ gan-an sábẹ́ fóòtì 220, ẹ ra régulateur, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró sójú kan, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Alimentation tó bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ni, ẹ má tú u, iná ṣì lè wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà, ó sì lè gbé yín.