Wákàtí ń dín kù, ẹrù ò dín kù: bí ìṣirò àwọn apínẹrù ṣe ń lọ

Tí ilé iṣẹ́ apínẹrù kan bá dín wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù, ohun tí èèyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé ọjà ò yá. Wọ́n á ní páálí tó ń wọlé ti kéré, iṣẹ́ ti fúyẹ́, ara á sì tu àwọn tó kù nídìí ẹ̀. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, páálí ò fi ẹyọ kan dín. Ní ibùdó kan náà, lọ́jọ́ kan náà, wọ́n lè pe awakọ̀ kan láàárọ̀ pé kó má wulẹ̀ wá, kí ẹnì kejì ẹ̀ sì wà nígboro di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó ṣì máa kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ọ̀gá ibùdó yẹn ò mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n o.

Bí páálí ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á, bí wọ́n ṣe ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, bó ṣe ń gun ọkọ̀ ńlá dé ibùdó, kò sí àrà kankan nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Àárọ̀ kùtù ni ọ̀rọ̀ wà, nígbà tí ẹnì kan bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti pinnu iye ọkọ̀ tó máa jáde.

Ká ní wọ́n rán ọmọ márùn-ún lọ pọn omi. Odò jìnnà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á rìn lọ, á rìn bọ̀, yálà kèrègbè ló gbé tàbí ìkòkò ńlá. Ìrìn yẹn fúnra ẹ̀ kì í bu omi. Àmù kan ni ilé ń lò lójúmọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kún dẹ́nu. Ká wá ní ìṣẹ́jú ni bàbá ilé fi ń sanwó fún wọn. Kò ní pẹ́ tó fi máa rí i pé tí ọmọ kan bá jókòó sílé, tí àwọn mẹ́rin tó kù bá gbé ìkòkò tó tóbi díẹ̀ sí i, àmù á ṣì kún, àlọ àti àbọ̀ odidi ọmọ kan á sì ti kúrò nínú owó tó ń ná. Kò fi kèrègbè kan dín omi kù. Ìrìn ló dín kù.

Ọ̀nà odò yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ìdínáwó nídìí iṣẹ́ yìí dá lé. Láti ibùdó dé ojúlé àkọ́kọ́, láti ojúlé tó kẹ́yìn padà sí ibùdó, yíyẹ táyà àti iná ọkọ̀ wò láàárọ̀, dídá páálí tí kò rẹ́ni gbà á padà lálẹ́: ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí kan àbọ̀. Owó rẹ̀ ń lọ, páálí kan ò sì tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ká ní ọkọ̀ márùn-ún ló ń jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojúlé 150. Lápapọ̀, 750. Yọ ọkọ̀ kan, kó ojúlé rẹ̀ fáwọn mẹ́rin yòókù, kálukú á ní 187 tàbí 188. Gbogbo páálí á délé, wákàtí kan àbọ̀ á padà sápò ilé iṣẹ́, epo ọkọ̀ kan náà á tẹ̀ lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó kékeré nìyẹn. UPS, ilé iṣẹ́ apínẹrù ńlá ti Amẹ́ríkà, ti sọ ní gbangba pé tí awakọ̀ òun kọ̀ọ̀kan bá lè fi máìlì kan péré dín ìrìn rẹ̀ kù lójúmọ́, owó tó máa yọ lè tó mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ORION, tó ń to ojúlé tẹ̀ léra fún awakọ̀. Ìdí náà nìyí tí ètò wọn fi ń sá fún yíyà sí òsì: ní Amẹ́ríkà, apá ọ̀tún títì ni wọ́n ń wakọ̀ sí, ẹni tó bá fẹ́ yà sósì á dúró títí àwọn tó ń bọ̀ níwájú á fi kọjá, ẹ́ńjìnnì á sì máa jó epo lórí ìdúró. Tí máìlì kan bá níyì tó báyìí, ẹ wo ohun tí odidi ọkọ̀ tí kò jáde á jẹ́ lójú ẹni tó ń ṣírò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an ló kù yìí, ìyẹn ìṣẹ́jú orí ìwé.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè pín ojúlé, ó gbọ́dọ̀ ní iye àkókò tó gbà pé ojúlé kan ń jẹ. Ká ní ó gbà pé ìṣẹ́jú méjì ni. Ojúlé 188 á jẹ́ wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 16. Fi wákàtí kan àbọ̀ ti ọ̀nà odò kún un, ó di wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 46. Kò pé wákàtí mẹ́jọ, kò sí ófátáìmù, àwọn mẹ́rin ti tó. Kí ẹni karùn-ún máa sùn.

Àmọ́ ìwé ò gun àtẹ̀gùn rí. Ìwé ò dúró lẹ́nu géètì kó máa wá ẹni tó máa ṣí i, ajá ò lé e, kò gbé ẹrù oníkílò 30 gba ojú ọ̀nà tó kún fún omi òjò. Ká ní gbogbo ìyẹn fi ìṣẹ́jú àáyá 30 péré kún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n jẹ́ márùn-ún, ẹni tó ní ojúlé 150 á ṣì parí láàárín wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 45. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé irọ́ díẹ̀ wà nínú ìwé. Ní báyìí tí wọ́n di mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn lọ́nà 188 jẹ́ ìṣẹ́jú 94, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì di wákàtí mẹ́sàn-án àti 20 ìṣẹ́jú. Ẹni karùn-ún tí wọ́n ní kó jókòó sílé yẹn ló ń bo irọ́ ìwé mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ẹlòmíì á ní, ófátáìmù á sáà jẹ èrè náà tán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Níbi tí àdéhùn bá ti ní kí wákàtí tó bá lé ní mẹ́jọ gba ìlọ́po kan àbọ̀, wákàtí kan àti 20 ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́rin máa gba owó wákàtí mẹ́jọ. Fi kún 32 tí àwọn mẹ́rin ti kọ́kọ́ ṣe, ó di 40. Tí àwọn márààrún bá sì jáde, tí àdéhùn fún kálukú ní wákàtí mẹ́jọ pé, 40 náà ni. Owó iṣẹ́ ò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ọkọ̀ karùn-ún tí wọn ò ní rà, owó ìtọ́jú ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò ní san tí ẹni karùn-ún bá sú lọ fúnra ẹ̀. Níbi tó pọ̀, orí èèyàn ni owó wọ̀nyẹn ń ka, kì í ka wákàtí. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè máa sunkún pé wákàtí òun ò tó, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ máa sunkún pé ti òun ti pọ̀ jù, tí kò sì sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Bí ófátáìmù ò bá sì sí lóòótọ́ ńkọ́? Ibí ni ẹ̀rọ náà ti ń jẹ ara ẹ̀. Awakọ̀ tí kò fẹ́ kí ọ̀gá pariwo mọ́ ọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Á jẹun lórí ìdarí ọkọ̀. Á fo ìsinmi tí òfin fún un. Á parí ojúlé 188 ní wákàtí mẹ́jọ, á sì rò pé òun ti gba ara òun. Àmọ́ ẹ̀rọ ọwọ́ tó fi ń ka nọ́ńbà ara páálí ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni pé ìṣẹ́jú méjì tó lóòótọ́, bóyá ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ìwé tó purọ́ lánàá ti di olóòótọ́ lónìí, lára ẹni tí kò jẹun ọ̀sán. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojúlé 195. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fi máa ń sọ fún ẹni tuntun pé kó jẹun lásìkò oúnjẹ, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ rí i pé ó pa á. Àwọn ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ká sọ tòótọ́, àwọn nìkan ló ń fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tó ṣeé gbà gbọ́.

Ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó jókòó sílé, torí òun ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bàbá ilé ò ní kó lọ ṣeré. Ó ní kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bóyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin á fọ́ ìkòkò. Kò pọn omi, kò sì lè lọ sóko ẹlòmíì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣìṣẹ́ tí wákàtí rẹ̀ dín kù nìyẹn: tá a bá nílò ẹ, a máa pè ẹ́. Ẹni tí àdéhùn bá ti ní kí wọ́n san ó kéré tán wákàtí kan pàtó fún tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ibùdó, bí àwọn aláàbọ̀ ọjọ́ UPS tó ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀, òun ni ìpè àárọ̀ kùtù ń wá jù. Lọ́gán tó bá wọlé, owó ti bẹ̀rẹ̀. Kó má wọlé ló máa gba owó là.

Ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ọjọ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, òṣìṣẹ́ UPS bí 185,000 dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ 15, ohun tó sì ń bí wọn nínú jù ni pé ilé iṣẹ́ ń gé iṣẹ́ odidi ọjọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n gba ìlérí pé wọ́n máa so àwọn iṣẹ́ aláàbọ̀ pọ̀ di 10,000 iṣẹ́ odidi ọjọ́. Lónìí, àdéhùn wọn ní ilẹ̀, ó sì ní òrùlé. Wákàtí tó kéré jù ni ilẹ̀. Òrùlé sì ni àkọsílẹ̀ kan tí awakọ̀ lè fi orúkọ sí: tí ilé iṣẹ́ bá wá ń lò ó kọjá wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀ léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lè fi ẹjọ́ sùn, kó gba owó ìtanràn. Àmọ́ ẹ̀rọ ò ní fi ẹjọ́ sùn fún un. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀, tó kọ àkókò tó wọlé, àkókò tó jáde, iye ojúlé, sínú. Ọ̀pọ̀ ò kọ ọ́, torí ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ó yẹ ká sọ ìgbà tí ẹrù dín kù lóòótọ́ náà. Ní oṣù Kìíní 2025, UPS kéde pé òun máa fi ohun tó ju ìdajì lọ dín ẹrù Amazon tí òun ń gbé kù, kó tó di ìdajì kejì ọdún 2026. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, wọ́n ní iṣẹ́ bí 20,000 máa kúrò, ilé 73 sì máa tì. Tí páálí bá dín kù, ọ̀nà odò ò kúrú, ojúlé kan á sì jìnnà sí èkejì sí i, nítorí náà páálí kọ̀ọ̀kan á wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títi ibùdó ń gba owó ilé, owó iná àti owó ọ̀gá là. Àmọ́ ẹni tí odò ìtòsí ẹ̀ bá gbẹ, odò tó jìnnà ló máa lọ. Ìṣẹ́jú tí wọ́n gé lára ilé tún jáde lára títì, ilé iṣẹ́ á sì wá ibi tó máa dà á sí.

Áàpù ló fi bàbá ilé hàn kedere. Nídìí áàpù agbóúnjẹ, kò sí ẹni tó ń pe òṣìṣẹ́ pé má wá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló ń wọlé, tó ń jókòó dúró, torí ìdúró ò ná ilé iṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Nígbà tó wá di oṣù Kejìlá 2023, òfin ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ilé iṣẹ́ náà san ó kéré tán 17.96 dọ́là fún wákàtí kan, yàtọ̀ sí tíìpù, àkókò tí òṣìṣẹ́ fi ń dúró de iṣẹ́ sì wọ inú ìṣirò náà. Àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà di ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Kò pẹ́ rárá tí Uber Eats àti DoorDash fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn: ìgbà tí àyè bá wà nìkan ni èèyàn lè wọlé, àwọn míì sì gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Owó wákàtí lọ sókè, wákàtí lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́la á ṣí áàpù wò lálẹ́ òní, á pa á, á tún ṣí i, títí àyè kan á fi yọ. Ìdúró yìí ò sí nínú ìṣirò òfin yẹn.